Ọ̀fun Tó Fẹ̀ Tí Kò Gba Afẹ́fẹ́

Nígbà tí àwọn ọmọbìnrin ẹgbẹ́ rẹ̀ ń kọ́ aṣọ rírán àti irun dídì ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì, ẹ̀yìn bàbá rẹ̀ ni Fẹ̀yìntọlá wà ní ṣọ́ọ̀bù, tó ń kọ́ bí a ti ń lọ fáfù, ìlẹ̀kùn afẹ́fẹ́ inú ẹ́ńjìnì, títí yóò fi jókòó dáadáa, àti bí a ti ń fi irin títọ́ wo orí ẹ́ńjìnì bóyá ó ti wọ́. Bàbá náà ti kú, ṣọ́ọ̀bù ti di tirẹ̀, òun náà sì ti pé ọmọ ọdún mẹ́tàlélógójì. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ ẹ̀gẹ́, ọ̀kadà tí ọ̀nà oko ti sọ di jágbajàgba, katakata tó gbóná jù, irú wọn ni wọ́n ń gbé wá fún un. Kì í fọ̀rọ̀ ṣòfò. Àmọ́ ìwà kan wà lára rẹ̀ tí Túndé ọkọ rẹ̀ máa ń fi ṣẹ̀fẹ̀: bí nǹkan kan bá ṣẹlẹ̀ tí kò yé Fẹ̀yìntọlá, oúnjẹ kò ní wọlé sí i lẹ́nu títí yóò fi yé e.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan lẹ́yìn ọdún Àjíǹde, takisí kan já arúgbó kan àti àpótí onípákó kan sílẹ̀ níwájú ṣọ́ọ̀bù. Fẹ̀yìntọlá mọ̀ ọ́n lójú. Bàbá Festus ni, láti Ìlúpéjú, ẹni tí wọ́n ń pè ní Bàbá Ditírọ́ìtì, torí pé ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ló fi ṣiṣẹ́ ní ìlú náà l'Amẹ́ríkà, níbi tí wọ́n ti ń rọ ẹ̀yà ara ọkọ̀. Ìgbà tí Elizabeth ìyàwó rẹ̀ kú ló kó ẹrù rẹ̀ padà wálé. "Ẹ kú uṣẹ́ o," ló fi kí i, bí ọmọ ilé, bí ẹni tí kò lọ síbì kankan rí.

Fẹ̀yìntọlá bá a ṣí àpótí náà. Tọ́ọ̀pù sìlíńdà méjì, ìyẹn orí ẹ́ńjìnì, ló wà nínú rẹ̀, tí wọ́n fi alumíníọ̀mù rọ, funfun, tí ń dán bí ìkòkò tí ẹnikẹ́ni kò tíì gbé kaná. Ó ti rí tọ́ọ̀pù sìlíńdà tó lé ní ẹgbẹ̀rún láyé rẹ̀, kò rí èyí rí. Bàbá ṣàlàyé fún un pé òun ní ọkọ̀ Mọ́sítáàǹgì kan nílé, ti ọdún 1969, tí òun fi ọkọ̀ ojú omi gbé wálé. Ẹ́ńjìnì rẹ̀ jẹ́ onísìlíńdà mẹ́jọ, mẹ́rin lápá ọ̀tún, mẹ́rin lápá òsì, bẹ́ẹ̀ ni tọ́ọ̀pù rẹ̀ ṣe di méjì. Àwọn tó wà nínú àpótí yìí kì í ṣe èyí tó bá ọkọ̀ wá. Ilé iṣẹ́ mìíràn ló ń ṣe wọ́n tà fún àwọn tó fẹ́ kí ọkọ̀ wọn lágbára ju bí wọ́n ti rà á lọ.

Bàbá ní, "Ẹ́ńjìnì dà bí ẹni tó ń gun òkè. Oúnjẹ inú ẹ̀ kọ́ ló máa gbé e débẹ̀, èémí ni."

Ó fi ìka hàn án níbi tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé. Sìlíńdà kọ̀ọ̀kan ní ihò tirẹ̀ nínú tọ́ọ̀pù, ihò tó tẹ̀ kọrọdọ bí ọ̀fun ènìyàn kó tó dé ibi tí fáfù ti ń ṣílẹ̀kùn fún un. Bí wọ́n bá ti rọ ọ́ láti ilé iṣẹ́, inú ọ̀fun náà máa ń rí págunpàgun. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ a fi ẹ̀rọ kékeré kan tó ní eyín lẹ́nu lọ inú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kí afẹ́fẹ́ lè rí ọ̀nà gbà. Bàbá ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ lọ ọ̀kan nínú àwọn tọ́ọ̀pù méjèèjì ní ọdún mọ́kànlá sẹ́yìn. Kò tíì fọwọ́ kan èkejì tí àìsàn fi dé. Ó na ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ síwájú kí Fẹ̀yìntọlá lè rí i. Ọwọ́ náà ń gbọ̀n bí ewé àgbàdo.

Iṣẹ́ tó gbé wá kò ju ẹyọ kan lọ: kí Fẹ̀yìntọlá lọ èkejì kó bá àkọ́kọ́ mu gẹ́lẹ́.

Fẹ̀yìntọlá tan tọ́ọ̀ṣì sínú ọ̀fun tí Bàbá ti lọ̀. Ó fẹ̀, inú rẹ̀ sì ń dán bí inú awo tánganran. Ó tan án sínú èyí tí wọn kò tíì lọ̀, ìyẹn rí háráhárá, ó sì fún. Ó béèrè bí wọ́n ṣe mọ̀ pé èyí tó ń dán yìí ló ń mí jù. Bàbá rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ní ẹ̀rọ kan wà lọ́hùn-ún tí wọ́n fi ń wọn afẹ́fẹ́, òun kò dé ìdí rẹ̀ rí, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò gba ẹ̀rọ: ihò tó bá fẹ̀ ló ń gba nǹkan jù. Fẹ̀yìntọlá ní bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ìbéèrè náà kò kúrò nínú rẹ̀.

Ó ra síríńjì ńlá ní ilé olóògùn. Ó dí ẹnu ọ̀fun kan ní ìsàlẹ̀, ó ń fi síríńjì bu kẹrosíìnì sí i láti òkè, ó ń kà á. Ọ̀fun tí wọn kò tíì lọ̀ gba àádọ́sàn-án mílílítà. Ti Bàbá gba igba ó lé márùn-ún. Báyìí ó mọ iye irin tí òun yóò yọ. Ṣùgbọ́n kẹrosíìnì tó dúró jẹ́ẹ́ sínú ihò yàtọ̀ sí afẹ́fẹ́ tó ń sáré gba inú rẹ̀ kọjá. Ìyẹn ló gbé e lọ bá Beatrice.

Beatrice ló ń kọ́ àwọn ọmọ ní físíìsì ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan nílùú náà, wọ́n sì jọ ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà kan náà. Ó fi ọdún mẹ́fà ju Fẹ̀yìntọlá lọ. Lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Ìsinmi, Fẹ̀yìntọlá pè é sẹ́yìn ilé ìjọsìn ó sì rò fún un. Beatrice kò tilẹ̀ jẹ́ kó parí ọ̀rọ̀ tó fi yọ bírò, tó dojú ìwé ètò ìsìn dé, tó sì bẹ̀rẹ̀ sí í yàwòrán sẹ́yìn rẹ̀. Kó tó di pé àwọn ẹgbẹ́ akọrin bọ́ aṣọ tán, wọ́n ti lọ bá wọ́dìn ìjọ pé àwọn fẹ́ yá ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fa eruku kúrò lórí kápẹ́ẹ̀tì pẹpẹ. Wọ́dìn béèrè ohun tí wọ́n fẹ́ fi ṣe. Beatrice ní wọ́n fẹ́ fi wo bí ẹ́ńjìnì ṣe ń mí. Ọkùnrin náà wo àwọn méjèèjì títí, ó ní kí wọ́n ṣáà máa dá a padà ní ọ̀sán Àbámẹ́ta kọ̀ọ̀kan.

Bí wọ́n ṣe tò ó nìyí. Wọ́n gbé tọ́ọ̀pù sìlíńdà lé orí kúlà oníke kan tí wọ́n ti dá ihò sí lómọrí, wọ́n fi gírísì dí gbogbo ibi tí afẹ́fẹ́ lè yọ́ gbà. Wọ́n ki ẹnu ẹ̀rọ tó ń fa eruku bọ ẹ̀gbẹ́ kúlà, kó lè máa fa afẹ́fẹ́ láti inú ọ̀fun wá. Wọ́n mú rọ́bà funfun tó ń fi inú hàn, irú èyí tí àwọn bíríkìlà ń fi omi sínú rẹ̀ láti mọ̀ bóyá ilé tẹ́jú, wọ́n kàn án mọ́ pákó tí wọ́n fàlà sí ní sẹ̀ǹtímítà, wọ́n da omi tí wọ́n fi zóbò pa láró sí i, wọ́n so ẹnu kan rẹ̀ mọ́ kúlà. Bí ọ̀fun bá fún, ẹ̀rọ yóò máa jìjàkadì, omi yóò gun òkè nínú rọ́bà. Bí ọ̀nà bá là, omi kò ní gùn púpọ̀. Bóòtù kan ni wọ́n fi ti fáfù sílẹ̀ kó lè ṣí níwọ̀n tí wọ́n bá fẹ́.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kò sí òye tó jáde. Ọ̀fun kan náà fi ogún hàn, lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀ ó fi mẹ́rìndínlógún hàn. Fẹ̀yìntọlá tú gbogbo rẹ̀, ó tún gírísì fi, pàbó ló já sí. Ìgbà tí gílóòbù tó wà lókè bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́jú ni Beatrice gbójú sókè tó ní iná ni. Bí iná bá rẹ̀, agbára ẹ̀rọ náà á rẹ̀. Wọ́n bọ́ sórí jẹnẹrétọ̀. Beatrice tún ní kí wọ́n mú pákó pẹlẹbẹ kan, kí wọ́n lu ihò kan ṣoṣo sí i, kí wọ́n máa gbé e sórí kúlà kí wọ́n tó wọn ohunkóhun. Pákó kì í yí padà. Bí wọ́n bá gbé pákó oníhò náà lé e tí omi sì dé orí ọgbọ̀n, wọ́n mọ̀ pé ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́ bó ti ṣe ṣe lánàá.

Lẹ́yìn èyí, nǹkan wá mọ́ kedere, ṣùgbọ́n ohun tó hàn kò dára. Bí fáfù bá ṣí díẹ̀, ọ̀fun tí Bàbá lọ̀ sàn díẹ̀ ju èyí tí wọn kò lọ̀. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ṣí i tán, omi èyí tí wọn kò lọ̀ dúró sí méjìlélógún, ti Bàbá gun márùndínlọ́gbọ̀n. Wọ́n wọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Wọ́n wọ̀n wọ́n lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ọ̀fun tó gba kẹrosíìnì jù ni kò gba afẹ́fẹ́.

Ọjọ́ méjì ni Fẹ̀yìntọlá fi ń ronú bí òun ṣe máa gbé ọ̀rọ̀ náà kalẹ̀. Bàbá dé ní Ọjọ́bọ̀. Fẹ̀yìntọlá fi ìjókòó fún un, ó tan jẹnẹrétọ̀, ó wọn pákó oníhò, ó wọn èyí tí wọn kò lọ̀, ó sì wọn ti Bàbá. Bàbá kì í ṣe ẹni tó nílò àlàyé. Ó wo omi pupa náà títí ó fi balẹ̀ padà.

Ó ní, "Ta ló ní kẹ́ ẹ wọn tèmi?"

Fẹ̀yìntọlá kúnlẹ̀. Bàbá kò pariwo, ìyẹn ló tún mú kó le. Ó ní iṣẹ́ kan ṣoṣo lòun gbé wá, pé kí wọ́n mú kí èkejì jọ èkíní. Ó ní ìgbà òtútù ni òun lọ tọ́ọ̀pù yẹn, nínú gáráàjì tí yìnyín ti dí ilẹ̀kùn rẹ̀, Elizabeth ló sì di iná mú fún òun láti ọ̀fun àkọ́kọ́ títí dé ìkẹrin, pẹ̀lú ìbọ̀wọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ méjèèjì. Lẹ́yìn náà ó wọ fìlà rẹ̀, ó sì jáde lọ wá takisí. Kò gbé àpótí.

Ní alẹ́ ọjọ́ yẹn Túndé gba ìyàwó rẹ̀ nímọ̀ràn. Ó ní kó ṣe èyí tí arúgbó ní kó ṣe, kó gbé e fún un, kí àlàáfíà wà. Kò sí àṣìṣe nínú ìmọ̀ràn náà. Fẹ̀yìntọlá sì mọ̀ pé òun kò lè gbà á, torí pé kò tíì yé òun. Kí ló dé tí ibi tó fẹ̀ fi ń há?

Kò fọwọ́ kan tọ́ọ̀pù tí wọn kò tíì lọ̀, nítorí ohun olóhun ni. Èyí tí Bàbá lọ̀ ló ń wò. Ó yọ sípóòkù kẹ̀kẹ́ kan, ó so fọ́nrán òwú pupa mọ́ ṣóńṣó rẹ̀, ó tan ẹ̀rọ, ó sì ń ti òwú náà bọ inú ọ̀fun, ó ń fi tọ́ọ̀ṣì wò ó. Lápá òkè, òwú náà nà tọ́ntọ́n, ó kọjú sí ibi tí afẹ́fẹ́ ń lọ. Lápá ìsàlẹ̀ náà, ó nà bẹ́ẹ̀ títí ó fi dé ibi tí ọ̀fun ti tẹ̀ kó tó kan fáfù. Níbẹ̀ ni òwú náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í jó wìrìwìrì, tó sì yíjú padà sẹ́yìn bí ẹni tó gbàgbé nǹkan sílé.

Fẹ̀yìntọlá yọ ọ́ jáde, ó tún tì í wọlé. Bákan náà ni. Ó jókòó lórí táyà. Ohun tó sọ sí i lọ́kàn ni àwọn ọlọ́kadà ọ̀nà Ìlúpéjú. Ẹni tó bá fi eré wọ kọ́nà tó rọra tẹ̀, á yí i láìfa wàhálà. Ṣùgbọ́n bí kọ́nà náà bá gé bí igun ògiri, bí títì ibẹ̀ tilẹ̀ fẹ̀ tó pápá, inú igbó lọlọ́kadà ń lọ. Bàbá ti lọ ìsàlẹ̀ ọ̀fun náà ju bó ti yẹ lọ nígbà tó ń fẹ̀ ẹ́, kọ́nà tó rọra tẹ̀ ti di igun. Afẹ́fẹ́ kò lè yí i. Ó ń já kúrò lára ògiri, ó ń di ìjì kékeré síbẹ̀, ìjì náà ló sì ń dí ọ̀nà mọ́ èyí tó ń bọ̀ lẹ́yìn.

Ó ra amọ̀ aláwọ̀ mèremère tí àwọn ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi fi ń mọ nǹkan, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ ìsàlẹ̀ ọ̀fun kan, ó fi àtàńpàkò rọra mọ kọ́nà náà padà. Amọ̀ mú kí ọ̀fun náà tún kéré sí i. Ó tan ẹ̀rọ. Omi dúró sí mọ́kàndínlógún. Ó pe Beatrice lórí fóònù, ó ní kó wá fi ojú ara rẹ̀ rí i, nítorí òun ò gba ojú òun gbọ́.

Ní ọjọ́ kẹsàn-án tí Bàbá ti lọ, Fẹ̀yìntọlá wọ ọ̀kadà lọ sí Ìlúpéjú. Ó bá a lábẹ́ ibùdó kan tí wọ́n fi páànù bò, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Mọ́sítáàǹgì náà. Aláwọ̀ ewé ni ọkọ̀ ọ̀hún, ó gùn nímú, wọ́n ṣí bónẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sílẹ̀, wọ́n fi aṣọ bo inú ẹ́ńjìnì bí òkú. Ó kúnlẹ̀ kí i.

Ó ní, "Bàbá, ẹ forí jì mí pé mi ò béèrè lọ́wọ́ yín kí n tó wọ̀n ọ́n. Ṣùgbọ́n ohun tí mo rí, mi ò lè sọ pé mi ò rí i."

Ó ròyìn òwú pupa àti amọ̀ náà fún un, Bàbá sì ní kó dìde. Ó lé àdìyẹ méjì kúrò lábẹ́ ọkọ̀. Ó ní nígbà tí òun ń lọ ọ̀fun kẹta, Elizabeth sọ ọ̀rọ̀ kan. Kì í ṣe mẹ́káníìkì, nọ́ọ̀sì ni, iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kó di iná mú lọ. "Ó ní, 'Festus, ó tó báyìí.' Mo rò pé òtútù ló ń mú un. Mo ní kó wọlé lọ yáná. Ó ní rárá, mo sì ń lọ̀ ọ́ lọ."

Lẹ́yìn náà ó béèrè irú òwú tí Fẹ̀yìntọlá lò, àti bóyá ó gbìyànjú rẹ̀ nígbà tí fáfù ṣí díẹ̀. Fẹ̀yìntọlá ní òwú ìránṣọ lásán ni, kò sì tíì gbìyànjú ìyẹn. Bàbá wọlé lọ mú bàtà.

Láti ọjọ́ yẹn, ojoojúmọ́ ló ń wá. Ó gbé ẹ̀rọ ìlọrin rẹ̀ wá nínú àpò awọ, ó kọ́ Fẹ̀yìntọlá bí a ti ń dì í mú kó má fò, àti bí a ti ń fi epo sí i lẹ́nu kí alumíníọ̀mù má baà lẹ̀ mọ́ eyín rẹ̀. Wọ́n fẹnu kò pé àwọn kò ní fẹ ọ̀fun. Ibi tí ó rí págunpàgun ni wọn yóò mú dán, ẹ̀yìn ìjókòó fáfù ni wọn yóò rọra yí, kọ́nà ìsàlẹ̀ ni wọn yóò sì jẹ́ kó rọra tẹ̀. Bàbá kò lè di irinṣẹ́ mú, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Ẹ̀yìn ògiri ọ̀fun ni omi tó ń mú ẹ́ńjìnì tutù ń gbà. Ẹni tó bá lọ̀ ọ́ já sí omi ti ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Bàbá á jókòó, á di ojú, á máa gbọ́ ohùn irin. Bí irin bá nípọn, ohùn rẹ̀ wúwo. Bó bá ń tín-ínrín, ohùn á lọ sókè.

Ní ọ̀fun kẹta, omi ti dé méjìdínlógún, èyí tó sàn ju gbogbo rẹ̀ lọ. Ó ń wu Fẹ̀yìntọlá kó mọ̀ bóyá yóò di mẹ́tàdínlógún. Ó tún gbé ẹ̀rọ sí i, ẹ̀ẹ̀kan, ẹ̀ẹ̀kejì. Ó gbọ́ ọ nígbà tí ohùn náà yí, bí ìgbà tí omi bá fẹ́ kún kèrègbè. Ó gbé ọwọ́ kúrò. Nígbà tó wẹ̀yìn, Bàbá ti dìde dúró, kò tíì sọ̀rọ̀. Wọ́n wọ̀n ọ́n. Méjìdínlógún náà ni, kò sún rárá. Beatrice kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀, ó sì fi àmì ìbéèrè síwájú rẹ̀.

Lẹ́yìn èyí ó ku ti tọ́ọ̀pù àkọ́kọ́. Fẹ̀yìntọlá kò dá a lábàá. Bàbá fúnra rẹ̀ ló gbé e sórí tábìlì, tó ní kí wọ́n mọ ìsàlẹ̀ rẹ̀ padà bí amọ̀ ṣe mọ ọ́n. Gọ́ọ̀mù irin ni wọ́n lò, irú èyí tí a ń po méjì pọ̀ tó máa ń le bí òkúta, tí epo kì í jẹ. Bàbá ní òun ni yóò pò ó. Ó di igi ìpò mú, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, gọ́ọ̀mù náà sì ń pòpọ̀ ju bí ẹnikẹ́ni ti lè pò ó lọ. Ó ní ọwọ́ òun ti rí iṣẹ́ tó bá a mu. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí Fẹ̀yìntọlá gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀ jáde. Nígbà tí gọ́ọ̀mù le tán tí wọ́n sì lọ̀ ọ́ dán, mẹ́rin àkọ́kọ́ dé mọ́kàndínlógún. Kò dọ́gba pátápátá pẹ̀lú tọ́ọ̀pù kejì. Bàbá ní kí wọ́n fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n fi to ẹ́ńjìnì náà pọ̀ ní Ìlúpéjú. Ní ọ̀sán Àbámẹ́ta kan nínú oṣù kẹjọ, ó gbiná, ohùn rẹ̀ sì mú kí àwọn aládùúgbò jáde síta. Bàbá fi kọ́kọ́rọ́ lé Fẹ̀yìntọlá lọ́wọ́, òun jókòó sí ẹ̀gbẹ́, Beatrice wọ ẹ̀yìn. Wọ́n wà á lọ sí òkè gígùn kan lójú ọ̀nà oko. Ní ìsàlẹ̀ òkè, Fẹ̀yìntọlá kò rí ìyàtọ̀ kankan, ọkọ̀ náà tilẹ̀ ń lọ́ra díẹ̀. Ó fẹ́ sọ ọ́. Bàbá ní kó má yí jíà, kó tẹ̀ ẹ́. Ó tẹ̀ ẹ́. Nígbà tí ọwọ́ aago tó ń ka eré ẹ́ńjìnì kọjá ìdajì, ohùn ẹ́ńjìnì náà ṣí, ọkọ̀ sì fà wọ́n lẹ́yìn mọ́ ìjókòó bí ẹni pé òkè náà ti tẹ́. Beatrice di aṣọ orí rẹ̀ mú.

Wọ́n dúró lókè. Igi kòkó wà nísàlẹ̀ wọn lápá òsì, àti òrùlé páànù díẹ̀. Bàbá fi ọwọ́ méjèèjì lé orúnkún rẹ̀, wọ́n ń gbọ̀n, kò sì fi wọ́n pamọ́. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ ó béèrè lọ́wọ́ Fẹ̀yìntọlá ìdí tí ọkọ̀ fi lọ́ra nísàlẹ̀.

Fẹ̀yìntọlá ní òun rò pé bí ẹ́ńjìnì bá ń rọra lọ, afẹ́fẹ́ inú ọ̀fun kò ní eré tó pọ̀ lẹ́sẹ̀. Ṣùgbọ́n kò dá òun lójú.

Bàbá ní, "Kò dá èmi náà lójú. Wà á padà sísàlẹ̀."

Ìgbà mẹ́fà ni wọ́n gun òkè náà ní ọjọ́ yẹn. Beatrice ń ka ìṣẹ́jú àáyá, ó ń kọ ọ́ sílẹ̀. Nígbà tí epo ọkọ̀ sún mọ́ òpin ni wọ́n tó yíjú sílé.

Báyìí, bí ará Ìgbólé tàbí Ìlógbò bá gbé orí ẹ̀rọ ìlọ̀ ẹ̀gẹ́ wá sí ṣọ́ọ̀bù, Fẹ̀yìntọlá a kọ́kọ́ ti òwú pupa bọ inú ọ̀fun rẹ̀. Ó ti tún díẹ̀ nínú wọn ṣe, àwọn tó ni wọ́n sì ń sọ pé epo wọn ń pẹ́ sí i. Ọ̀kan wà tó tún ṣe bí ó ti tún àwọn yòókù ṣe, tí kò yí padà rárá. Orí yẹn ṣì wà lórí tábìlì. Bàbá Festus ní ó ní láti jẹ́ pé ọ̀nà tí èéfín ń gbà jáde ló dí, Beatrice ní kò rí bẹ́ẹ̀, Fẹ̀yìntọlá kò sì tíì jẹun ọ̀sán.